Ẹ jẹ́ kí àwọn alábẹ̀wò wọ jẹ́lé-ó-sinmi wa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàdúná, wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi nítorí pé bí ọmọ bá ti lọ síbẹ̀, ariwo á dínkù nínú ilé, ìyá á sì ráyè wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ilé sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ọmọ náà wà ní àlàáfíà níbi tí a gbé e sí? Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ní Kakuri, ní Sabon Tasha, jẹ́lé-ó-sinmi kéékèèké wà káàkiri. Òmíràn kò ju yàrá kan lọ nínú ilé tí àwọn èèyàn ń gbé. Àwọn ìyá wa tó ń tajà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kò gani lára, kò sì jìnnà sọ́jà. A kò bú àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí inú wa kò dùn sí ni ìwà tí àwọn kan ń hù bí wọ́n bá ti gbọ́ pé alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Ẹnìkan á ti ilẹ̀kùn, á ní kí àwọn ọmọ má wá lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn á lọ yá àga àti ohun ìṣeré. Ẹlòmíràn á di owó sínú àpòòwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bá àwa àgbà pé kí a bá wọn bẹ̀bẹ̀, pé nítorí a jẹ́ àlejò ni wọ́n ṣe ń yọ wá lẹ́nu.

Rárá o. Òfin yìí kò yọ onílé sílẹ̀, kò yọ àlejò sílẹ̀. Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó jáde lọ́dún kan náà sọ pé kí olùkọ́ kan má ṣe ní ju ọmọ 25 lọ, àti pé eré ni kí a máa fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí wà fún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ooru ìlú yìí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Àsìkò yẹn ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn onílé wa ń pè ní sankarau, máa ń jà, ibi tí èèyàn bá há sí tí atẹ́gùn kò sí ló sì fẹ́ràn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọlé láti ojú fèrèsé lè pa ọmọ tó ń sùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ òórùn kankan. Kànga tí kò ní ìdérí kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà.

Ẹ̀yin alábẹ̀wò, a ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá ti ilé kan pa lójijì, ọjà ni ìyá máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ, sáàárín kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọmọlanke. Nítorí náà, èyí tó bá ṣeé tún ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún onílé-ẹ̀kọ́, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì padà wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá lè gba ẹ̀mí, ẹ tì í pa lójú ẹsẹ̀. A kò ní bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹ yọ sí wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ ka iye ọmọ, ẹ ka iye àgbà. Ẹ wo ilé ìgbẹ́, ẹ wo omi tí wọ́n ń mu. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Bí fèrèsé bá kù díẹ̀ káàtó, tí onílé-ẹ̀kọ́ kò sì lówó, ẹ jẹ́ ká dáwó jọ tún un ṣe. Ìyẹn dára ju kí a máa wá owó àpòòwé lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká sunkún ọmọ o.