Ṣé lára Ifá ni kọ̀ǹpútà ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà: wọ́n ní lára Ifá ni àwọn òyìnbó ti jí ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Bí babaláwo bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èso mẹ́jọ tó wà lára rẹ̀ lè kọjú sókè tàbí kó dojú dé. Bí a bá wo gbogbo ọ̀nà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gbà balẹ̀, 256 ni, iye odù Ifá gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà, 0 àti 1 ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá to mẹ́jọ irú rẹ̀ pọ̀, oríṣi 256 náà ni wọn yóò rí.

Ṣùgbọ́n pé nǹkan méjì jọra kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Lọ́dún 1703 tí Gottfried Leibniz, ọmọ Jámánì, gbé àlàyé jáde lórí ìṣirò 0 àti 1, àmì inú ìwé àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà ló tọ́ka sí, kì í ṣe Ifá. Lọ́dún 1937, Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé títan àti pípa iná mànàmáná lè ṣiṣẹ́ òfin ìrònú tí George Boole ti là sílẹ̀ lọ́dún 1854.

Ifá kò nílò àbùmọ́ kankan. Lọ́dún 2005 ni àjọ UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi irọ́ kún òótọ́ yìí ló ń ba nǹkan jẹ́, torí lọ́jọ́ tí àṣírí irọ́ bá tú, àwọn tó gbọ́ lè da òótọ́ nù mọ́ ọn.