Fáàfù Abẹ́ Síńkì

Ohun kékeré kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí àfi ìgbà tí omi bá ya wọ ilé ìdáná: fáàfù abẹ́ síńkì.

Àwọn àgbà a máa wí pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá já lábẹ́ síńkì, tí tánkì 1,000 líta sì wà lókè, ilẹ̀ ilé ìdáná ni gbogbo omi náà yóò gbà sí, bí a kò bá rí ohun dá a dúró. Iṣẹ́ fáàfù nìyí. Bí a bá tì í, omi síńkì nìkan ni yóò dá. Omi balùwẹ̀ yóò máa ṣàn bí ó ti ń ṣàn.

Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó tì. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Bí ó bá pẹ́ tí a kò yí i, yóò dógùn-ún, yóò sì há. Èkejì ní bọ́ọ̀lù tí a lu nínú rẹ̀. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré ni a ó yí ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá bá páìpù lọ gbọọrọ, ó ṣí. Bí ó bá dábùú páìpù, ó tì.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èyí tí ó ti há, ẹ kọ́kọ́ ti omi láti ìdí tánkì. Bí omi ìjọba bá ń wọlé tààrà, ẹ ti ìyẹn náà. Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ síńkì kí omi inú páìpù lè gbẹ, kí ẹ sì gbé korobá sábẹ́. Sípánà méjì ni ẹ ó lò: ọ̀kan yóò di páìpù mú, èkejì yóò yí fáàfù. Ẹni tí ó bá lo ẹyọ kan lè ṣẹ́ páìpù mọ́ inú ògiri. Ẹ fi tépù funfun wé ìlà-ìlà ẹnu páìpù bí ọwọ́ aago ti ń lọ, kí ó má baà tú nígbà tí ẹ bá ń de fáàfù tuntun.

Bí fáàfù bá sápamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ fi páìpù tí ó tẹ̀ bí ìgúnpá fà á síwájú, síbi tí ọwọ́ lè tó láìkó ìkòkò kúrò, kí ààyè sì wà fún ọwọ́ rẹ̀ láti yí dé òpin. Bí ó bá jẹ́ páìpù oníke tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ṣí omi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi bébà gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ń jò, bébà yóò sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa tì í kí ẹ sì tún ṣí i ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà, sì mọ ibi tí ó wà, nítorí omi kì í dúró de bàbá kí ó tó tibi iṣẹ́ dé.