Kíki Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, àti káàkiri àríwá Èkìtì, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí ó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì fi ń lọ àgbàdo. Ẹni tí ó bá lọ ra ọ́ìlì fún un yóò bá iye kan lára agolo: SAE 30, SAE 40, tàbí 15W-40. Bí ó bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n lè sọ fún un pé ogójì “lágbára” ju ọgbọ̀n lọ. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ a máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 1911. Kì í ṣe agbára ni iye náà ń sọ, kì í sì í ṣe ìwúwo. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, ó sì ń léfòó lórí rẹ̀. Síbẹ̀ epo ki ju omi lọ. Bí ọ́ìlì ṣe ń lọ́ra láti ṣàn ni wọ́n ń wọ̀n. Ní 100 °C, ìwọ̀n SAE 30 bẹ̀rẹ̀ láti 9.3 mm² ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì dé 12.5, ti SAE 40 bẹ̀rẹ̀ láti 12.5, kò sì dé 16.3.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò kan ẹ̀rọ. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Orúkọ wo ni ó wá yẹ? “Fífà” lè kọ́kọ́ wá sọ́kàn nítorí ilá àti ewédú, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilá lè ṣàn gan-an kí ó sì máa fà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ti wà nílẹ̀: ẹ̀kọ a máa ki, ọbẹ̀ a máa ṣàn. “Kíki” ni ó tọ́, kí “ìwọ̀n-kíki” sì jẹ́ ti iye ara agolo. Ẹlòmíràn lè sọ pé ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ ni ó ń mú un ki. Kò sí ẹ̀fọ́ nínú oyin, oyin sì ki.

Kíki kì í dúró sójú kan: epo pupa a máa dì lásìkò ọyẹ́, a sì máa ṣàn bí oòrùn bá mú. Nínú 15W-40, iye tí ó ṣáájú W jẹ́ ti ìgbà òtútù, èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé ibi tí irin ti ń ha irin ní òwúrọ̀. Èyí tí ó ṣàn jù kì í lè dúró láàrin wọn nínú ooru. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá sì jò sínú rẹ̀, kíki rẹ̀ yóò dín kù, bí iye ara agolo kò tilẹ̀ yí padà.

Nínú ẹ́ńjìnnì ńlá tí ń yí pẹ̀lẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n lo SAE 50 fún sìlíńdà, kí wọ́n sì lo SAE 30 fún ìyókù ara ẹ́ńjìnnì náà. Ẹni tí ó gbà pé “agbára” ni iye náà yóò rò pé wọ́n rẹ́ ìyókù jẹ. Ẹni tí ó mọ kíki yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá, yóò wá bi olùtajà léèrè bóyá kíki ọ́ìlì rẹ̀ bá ti inú ìwé mu.