Kíkọ́ Ìpòòyì Lórí Ìgbì Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Darí Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́ Sí

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni ló gbà pé bí olùkọ́ bá ti ṣe àlàyé yékéyéké, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun náà í ṣe. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, ìgbàgbọ́ yìí lè má fi bẹ́ẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ lílo ara, bí i ijó jíjó, ìlù lílù, aṣọ híhun àti eré ìdárayá, àlàyé àlàjù lè di ìdènà fún ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Òun ni bí a ṣe ń kọ́ ìpòòyì, ìyẹn yíyí ara àti pátákó po ní dígírì 360, nínú eré orí omi tí wọ́n ń pè ní wakesurfing. Eré náà kì í ṣe tiwa. Orí àwọn adágún omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti gbajúmọ̀. A yàn án nítorí pé omi kì í ṣe ojúsàájú. Bí ìtọ́ni olùkọ́ bá ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, inú omi ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ti bá ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí máàkì tí olùkọ́ lè fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọkọ̀, ìgbì àti pátákó

Orí ìgbì tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn ara rẹ̀ ni eré náà ti ń wáyé. Wọ́n máa ń fa omi sínú àwọn àgbá tàbí àpò tó wà nínú ọkọ̀, kí ìdí ọkọ̀ lè wúwo, kí ó sì rì díẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ ní ìwọ̀n máìlì 10 sí 12 láàárín wákàtí kan, omi tí ó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò padà wá ru sókè lẹ́yìn rẹ̀. Òṣèré yóò di okùn mú títí tí yóò fi dìde dúró lórí pátákó rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti rí i pé ìgbì ń ti òun lọ, yóò ju okùn náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohunkóhun tó so ó pọ̀ mọ́ ọkọ̀ mọ́. Ó ń yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìgbì bí ìgbà tí ọmọdé ń yọ̀ láti orí òkìtì erùpẹ̀, àfi pé òkìtì yìí ń bá a rìn, kì í sì í tán.

Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ òsì síwájú sábà máa ń wà ní apá òsì ọkọ̀, kí àyà rẹ̀ lè kọjú sí ìgbì. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú a sì wà ní apá ọ̀tún. Ibì kan wà lára ìgbì náà tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó láti gbé ènìyàn lọ. Bí òṣèré bá rọ́ sẹ́yìn jù níbẹ̀, ìgbì yóò fi í sílẹ̀.

Ìdí pátákó ni ohun tí ó kan ìpòòyì jù wà. Lẹbẹ kéékèèké ni, bí i ti ẹja, tí a kàn mọ́ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe nídìí ọfà ni lẹbẹ wọ̀nyí ń ṣe nínú omi: wọn kì í jẹ́ kí imú yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ta ọfà ní ìdàkudà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣáájú, yóò rí i pé ọfà náà kò ní fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, yóò wá ọ̀nà láti yí padà. Bákan náà ni pátákó tí ìdí rẹ̀ bá ṣáájú. Nítorí náà, àwọn tí ó fẹ́ràn ìpòòyì a máa lo pátákó tí lẹbẹ rẹ̀ kéré.

Bí ìpòòyì ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ọmọ tí ó ń ta òkòtó mọ̀ pé ìka òun ni ó fún òkòtó ní agbára tí ó fi ń pòòyì. Bí òkòtó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó tún lè fi kún un. Bí ọ̀rọ̀ òṣèré orí ìgbì ṣe rí gan-an nìyí. Nígbà tí lẹbẹ ṣì di omi mú ni ó lè fi ẹsẹ̀ ti omi láti rí agbára yíyí. Bí lẹbẹ bá ti tú, ohun tí ó kó jọ tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò ná. Ìdí nìyí tí òṣèré fi ń kọ́kọ́ lọ́ èjìká rẹ̀ díẹ̀ sí òdìkejì ibi tí ó fẹ́ yí sí.

Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ibi tí ìgbì ti lágbára, nítorí pé pátákó tí ó dá ìbú yóò pàdánù eré sísá, ìgbì yóò sì lé e bá. Orúnkún rẹ̀ yóò tẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ yóò bọ́ sí ẹsẹ̀ iwájú, kí ìdí pátákó lè fúyẹ́, kí lẹbẹ sì tú. Orí ni yóò kọ́kọ́ yí, èjìká yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìbàdí, kí ó tó wá kan pátákó. Bí ó bá kó apá rẹ̀ mọ́ra, ìpòòyì yóò yá sí i. Bí ó bá nà án, yóò falẹ̀. Òfin físíìsì ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Ní ìlàjì òbírípo, ìdí pátákó ti wà níwájú, ó sì ń wá ọ̀nà láti yí padà, ì báà jẹ́ sí ibi tí ó ti ń bọ̀ tàbí sí ibi tí ó ń lọ. Bí agbára yíyí bá ṣì kù, pátákó fúnra rẹ̀ yóò bá òṣèré parí ìyókù. Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ imú pátákó sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti tún rí eré sá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà

Kí òǹkàwé ka iye ìtọ́ni tó wà nínú ìpínrọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Wọ́n tó mẹ́fà tàbí méje, gbogbo wọn ni ó tọ̀nà, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ọmọ ènìyàn tí ó lè ronú kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà láìṣubú.

Orí omi gan-an ni Gabriele Wulf, onímọ̀ ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì, ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń yí pátákó tí ó ní ìgbòkun padà. Ó fi ọkàn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọkàn sí ọwọ́ rẹ̀, omi ni ó sì ń ṣubú sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí ó pa ara rẹ̀ tì, tí ó kàn fi ọkàn sí bí pátákó ṣe ń dagun, yíyí náà bọ́ sí i. Ní ọdún 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Höß àti Prinz, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Orí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ìgbà tí ènìyàn ń yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn kan fi ọkàn sí ẹsẹ̀ ara wọn, kí àwọn mìíràn fi ọkàn sí táyà kéékèèké tó wà lábẹ́ ohun tí wọ́n dúró lé. Àárín ẹsẹ̀ àti táyà kò jìnnà rárá, síbẹ̀ àwọn tó fi ọkàn sí táyà ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àlàyé tí Wulf ṣe ni pé ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ ń dí ara lọ́wọ́ ohun tí ara ì bá ṣe fúnra rẹ̀.

Ní tiwa, a rí i pé olùkọ́ ìlù dùndún tí ó mọṣẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í sọ fún ọmọ pé kí ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Ohun tí ìlù ń wí ni yóò ní kí ó gbọ́.

Nípa báyìí, dípò kí olùkọ́ eré orí ìgbì sọ pé “Gbé ìwúwo rẹ lé ẹsẹ̀ iwájú,” yóò sàn kí ó sọ pé “Tẹ imú pátákó mọ́ omi.” Dípò “Yí orí, yí èjìká,” yóò sọ pé “Wá ọkọ̀ rí kí pátákó tó rí i.” Gbólóhùn kejì yìí ń kó orí, èjìká àti ìbàdí lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdárúkọ ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn kan lè jiyàn pé Fitts àti Posner, nínú iṣẹ́ wọn ti ọdún 1967, fi ìpele ìrònú ṣe ìpele àkọ́kọ́ nínú kíkọ́ ohunkóhun tó jẹ mọ́ ara, àti pé olùbẹ̀rẹ̀ nílò àlàyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èbúté ni àyè àlàyé yẹn wà, kí ọkọ̀ tó gbéra. Olùkọ́ ni ó gbọ́dọ̀ mọ méjèèje tinú-tòde, kí ó lè mọ èyí tí ó fa ìṣubú. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Pípín ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò

Naylor àti Briggs ti fi hàn ní ọdún 1963 pé iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ so kọ́ra pẹ́kípẹ́kí kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́. Ìpòòyì jẹ́ ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíkọ́ ọ ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ fífi àkókò ṣòfò, nítorí pé ẹni tí ó dúró ní ìdá kìíní ti dá pátákó bùú, ibẹ̀ sì ni yóò ṣubú sí. Ohun tí a lè yà sọ́tọ̀ ni ìlàjì: kí ó yí ìdí pátákó síwájú, kí ó sì padà. A tún lè fo gbogbo òbírípo náà lórí koríko láìlo pátákó, níwọ̀n ìgbà tí a bá fi ohun kan síwájú tí ojú yóò máa wá.

Bí ó bá ti ń bọ́ sí i, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó máa tún un ṣe ṣáá. Shea àti Morgan rí i ní ọdún 1979 pé àwọn tó da oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nígbà ìdánrawò falẹ̀ ju àwọn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ó rántí jù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pòòyì lẹ́ẹ̀kan, kí ó gun ìgbì lọ sókè, kí ó yọ̀ sẹ́yìn, kí ó tó tún pòòyì.

Ààbò kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọkọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀ nìkan ni a lè lò. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ sí ìdí gbangba lè gé ènìyàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èéfín ẹ̀rọ ní carbon monoxide nínú, kò ní òórùn, ó sì lè pani. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Òṣèré yóò wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹnì kan yóò sì máa ṣọ́ ọ yàtọ̀ sí awakọ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣubú, ọkọ̀ yóò yí padà lọ gbé e. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yẹn ni àkókò ẹ̀kọ́ gan-an. Bí a ti wòye, kò yẹ kí olùkọ́ fi ìtọ́ni bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ìbéèrè: “Níbo ni ọkọ̀ wà nígbà tí o ṣubú?” Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè nàka sí i, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ni kò tẹ̀ tó, kí olùkọ́ bá a sọ̀rọ̀ imú pátákó. Bí ó bá dáhùn pé òun kò rí ọkọ̀ kankan, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń wò.