Ìtanràn ẹran ìgbẹ́ ò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ tẹ́lẹ̀! Ẹ wo ibi tí òfin tó de apẹrin dé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ní Ọbà Àkran àti Ògbà ló máa ń rò pé Kẹ́ńyà nìkan ni ọ̀rọ̀ erin kàn. Rárá o. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Bìní ti kọjá ní J4. Nínú igbó Ọmọ tó wà lágbègbè yẹn, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì ń jẹ̀ níbẹ̀ dòní.

Ọdún 1985 ni ìjọba ológun ṣòfin tó de ọdẹ. Wọ́n pín ẹranko sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa tàbí tà rárá, àtàwọn tó jẹ́ pé àfi kéèyàn gbàwé àṣẹ. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, ₦1,000 péré ni ìtanràn ẹ̀. Bó bá tún dán an wò, ẹ̀wọ̀n ọdún kan gbáko ni.

Owó gidi ni ₦1,000 nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n náírà ń já wálẹ̀, òfin ò kúrò lójú kan. Nígbà tó fi máa di 2016, oúnjẹ ọ̀sán àti ẹran díẹ̀ ní búkà ni owó ọ̀hún ń rà. Ọdún yẹn ni wọ́n tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba kéde lọ́dún 2024, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà láìjẹ, láìmu, kó tó rí i san.

Ní January 2024, àjọ NESREA ba eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ jẹ́ l'Ábújá, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́. Lọ́dún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tún fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tó lè rán ọ̀daràn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀tọ̀ ni ti Botswana. Erin wọn lé ní 130,000. Wọ́n fòfin de ọdẹ lọ́dún 2014, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 2019, àwọn òyìnbó olówó sì ń sanwó gọbọi láti wá yìnbọn síbẹ̀. Nígbà tí Jámánì fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ lọ́dún 2024, Ààrẹ Masisi tó wà lórí oyè nígbà náà ní òun á kó erin 20,000 ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n máa bá a gbé!

Ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́ o. Àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú náà ti pariwo pé erin ń ba oko àwọn jẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan erin, tí erin sì jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ̀ tán, kí ni kó jẹ? Ó dáa kí òfin le mọ́ apẹrin, àmọ́ bí ìjọba ò bá sanwó oko fún àgbẹ̀, ta ni yóò tú àṣírí ọdẹ tó bá wọ inú igbó lóru?