Oyin Funfun, Èèpo Kíkorò

Níbi ìsọmọlórúkọ nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbà bá ti ki ìka bọ inú àwo oyin, kò sí ẹni tí kò mọ àdúrà tó kàn. Oyin náà á pọ́n, tàbí kó dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé oyin Oku síwájú àgbà yìí, àfàìmọ̀ kó má sọ pé wọ́n ti po wàrà mọ́ ọn. Funfun báláú ni.

Ìlú Oku wà ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, lẹ́bàá òkè tó ga tó mítà 3,011. Ọ̀pá ògùrọ̀ àti koríko làwọn olóyin ibẹ̀ fi ń ṣe ilé oyin, inú igbó Kilum-Ijim sì ni wọ́n ń gbé e sí. Lọ́dún 2013, OAPI, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ ní Áfíríkà, fi òǹtẹ̀ lu orúkọ oyin wọn, kí ará ibòmíràn má baà fi ta tirẹ̀.

Lára àwọn igi tí oyin ń fa omi òdòdó wọn mu níbẹ̀ ni Prunus africana, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní pygeum. Igi gíga ni, òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó sì funfun.

Èèpo rẹ̀ ló fa wàhálà. Àwọn oníṣègùn orí òkè ti ń sè é fún ibà àti inú rírun láti ọjọ́ pípẹ́. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn bàbá tí ìtọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru ló ń mu ún. Lọ́dún 1966, Jacques Debat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbo bàbá àgbà di oògùn oníhóró nílẹ̀ Yúróòpù. Kì í ṣe àheso lásán o: nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìdánwò 18 jọ lọ́dún 2002, wọ́n rí i pé ó dín ìtọ̀ òru kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdánwò náà kò pẹ́, wọn kò sì tóbi.

Lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe wa, bí èèpo bá bọ́ sí àgbo, ọ̀pọ̀ á ní kí a há a níhà ìlà oòrùn àti níhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, kó wo ìlànà Kamẹrúùnù lórí pygeum: ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra ni kí wọ́n há, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá há a báyìí, èèpo tuntun lè hù.

Àwọn tó ń sáré lé owó kò ní sùúrù yẹn. Wọ́n bó igi yípo, wọ́n tilẹ̀ gé òmíràn lulẹ̀. Igi tí wọ́n bó á wọ́wé, orí rẹ̀ á gbẹ, kòkòrò mìíràn á sì dé: èyí tí ń gbẹ́ igi, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú igi tó ti rẹ̀. Oyin tó ń wá òdòdó kò ní rí nǹkan kan lórí ẹ̀ka gbígbẹ.

Láti ọdún 1995 ni àdéhùn CITES ti ń ṣọ́ òwò èèpo yìí láàárín orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2007, Yúróòpù dá ti Kamẹrúùnù dúró fúngbà díẹ̀.

Igi náà wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, nínú igbó Ngel Nyaki ní Taraba. Bàbá tó bá fẹ́ ra pygeum, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi olùtà pé báwo ni wọ́n ṣe há a.