Kí Oògùn Oko Má Baà Di Májèlé Fún Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, nítorí wọ́n rí i pé ẹnì kan kò lè dá gba owó gidi lórí kòkó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oògùn oko rí lónìí. Kò sí ọ́fíìsì kan tó lè dá dáàbò bo àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ olúkúlùkù. NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń forúkọ oògùn oko sílẹ̀, òun náà ló sì ń fòfin de èyí tó bá léwu. Ó fòfin de paraquat, oògùn apako tí ọ̀pọ̀ wa ti lò, láti January 1, 2024. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ló ń dán oògùn kòkó wò tó sì ń sọ ìwọ̀n tó yẹ. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló yẹ kó mú ìmọ̀ náà dé oko. Dókítà ló ń tọ́jú ẹni tí oògùn bá mú.

Ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín wọn. NAFDAC kò sí lóko nígbà tí a bá ń po oògùn. CRIN kò rí ẹni tó ń bu oògùn láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò ohun mímu lọ́jà. Dókítà kò mọ ohun tí aláìsàn fín. Ẹgbẹ́ wa ló lè dí àlàfo yìí, nítorí àwa ni oògùn ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹnu díẹ̀ nínú paraquat lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìgò kì í ṣe ohun mímu. Àwọn àgbà yóò rántí Gammalin 20, tí a fi pa kòkòrò kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn kan tún ń dà sódò láti fi pẹja. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí a mú lindane tó wà nínú rẹ̀ kúrò lóko, nítorí ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti lára ènìyàn.

Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe nìyí:

1. Kí ẹgbẹ́ ra oògùn pọ̀ nínú ike tí a kò tíì ṣí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC.

2. Kí a pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí ìpàdé kí àsìkò fífín tó dé.

3. Kí a fi owó ẹgbẹ́ ra ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà òjò, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa yá wọn lò.

4. Bí oògùn bá dà sí ẹnì kan lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání, nítorí òun ni yóò sọ fún dókítà ohun tó ń bá jà.

5. Kí a ṣan ike òfìfo lẹ́ẹ̀mẹta, kí a da omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfín, kí a sì lu ike náà. Kò yẹ fún omi mímu tàbí epo.

Owó kòkó dára, ṣùgbọ́n alààyè ló ń ná an. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé yín tó ń bọ̀.